Ìdájọ́ Tó Rékọjá Ààlà: Ìtàn Ìwé Orúkọ Àwọn Tó Jẹ̀bi Ẹ̀ṣẹ̀ Ìbálòpọ̀

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni gbòǹgbò òfin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín. Òfin náà ni pé kí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó fipá bá ènìyàn lòpọ̀, tàbí pé ó ba ọmọdé jẹ́, máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ lẹ́yìn tó bá ti jáde lẹ́wọ̀n, kí wọ́n lè mọ ibi tó ń gbé. Òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti lóye nígbà tí ẹni náà bá jókòó sí ìlú tí wọ́n ti dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe igi tí a gbìn sójú kan. Ó lè di ẹrù rẹ̀, kó sọdá odò, kó sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Kí ni kí ìlú tuntun náà ṣe? Ṣé kó gba ìdájọ́ ìlú àkọ́kọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló dá a? Ṣé kó tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀? Tàbí kó ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan?

Ó ti lé ní 80 ọdún tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ Yúróòpù tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà sì ti wọ Nàìjíríà, aládùúgbò wa. Àwa tí a ń gbé ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Àjàṣẹ́ àti ní àwọn ìlú Yorùbá ilẹ̀ Tógò, ẹ̀bá ààlà ni ilé wa wà. Ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn gbà dé ibi tí wọ́n dé, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ẹnu ọ̀nà tiwa.

Ìwé tí wọ́n ṣí nítorí àlejò

Ìwé orúkọ yìí kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀. Ní 1933, àwọn aláṣẹ àgbègbè Los Angeles, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ṣòfin pé kí àwọn tí wọ́n ti dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wá forúkọ sílẹ̀. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àwọn jàǹdùkú ń yọ àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà lẹ́nu. Bí ọlọ́pàá bá gbóná mọ́ wọn ní ìlú kan, wọn a ṣí lọ sí òmíràn. Ohun tí òfin náà ń lé ni pé kí ọ̀daràn tó bá wọ̀lú mọ̀ pé àwọn onílùú ti rí òun, kó sì wá ibòmíràn lọ. Àwọn ìlú mìíràn tẹ̀ lé Los Angeles. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, àlejò ni wọ́n dojú ìwé yìí kọ ju onílé lọ.

Òfin tí ìlú Los Angeles fúnra rẹ̀ ṣe ní gbólóhùn kan tó yẹ kí a fi ọkàn sí. Ó ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ní California gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Ó sì ní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi níbòmíràn náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, bí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí California ì bá kà sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ká ní ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ ẹ́. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òfin ṣì ń lò títí di òní nìyẹn: wọn a gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ àjèjì dá ka orí òfin tiwọn, láti wò ó bóyá àwọn méjèèjì bára dọ́gba.

Òfin kan náà ló bí ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní 1957. Obìnrin kan tó ti gbé Los Angeles ju ọdún 7 lọ ni wọ́n mú. Nígbà kan rí, wọ́n ti dá a lẹ́bi ẹ̀sùn ayédèrú ìwé. Òfin ìlú sì ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ju ọjọ́ 5 lọ láìforúkọ sílẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn 250 dọ́là lé e. Obìnrin náà ní òun kò mọ̀ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn adájọ́ gbà fún un. Wọ́n ní a kò lè fìyà jẹ ènìyàn nítorí pé ó kàn jókòó sílé rẹ̀ láìṣe ohun kan, nígbà tí kò sí ẹni tó sọ fún un pé ohun kan wà láti ṣe, tí kò sì sí ọ̀nà tí ì bá fi mọ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn yìí ni èyí: bí ìlú bá fẹ́ kí àlejò mú ẹ̀bi rẹ̀ wá sí gbangba, ìlú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un.

Ní 1947, ìpínlẹ̀ California ṣí irú ìwé yìí fún gbogbo àwọn tó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀ níbẹ̀. Òun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀n tí wọ́n ta gbòòrò ju ẹja tí wọ́n ń wá lọ. Àwọn tó bá ọmọdé jẹ́ bọ́ sínú rẹ̀; àwọn ọkùnrin tó ti dàgbà, tí wọ́n bá ọkùnrin ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe àṣepọ̀ pẹ̀lú àdéhùn àwọn méjèèjì, bọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bayard Rustin, ẹni tó ṣètò ìwọ́de ńlá ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington ní 1963, wà lára àwọn tí ọwọ́ òfin bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Ní 1953 ni wọ́n mú un ní Pasadena, wọ́n fi í sẹ́wọ̀n, wọ́n sì ní kó forúkọ sílẹ̀. Ní 1975, California pa òfin tó sọ irú àṣepọ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ní 2020, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fún Rustin ní ìdáríjì, lẹ́yìn ọdún 32 tó ti kú. A kò sọ èyí láti fi bo ìwà ìkà àwọn tó ń pa ọmọdé lára. A sọ ọ́ nítorí pé ohun tí ìlú kan pè ní ẹ̀ṣẹ̀ lónìí lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lọ́la, ó sì lè má jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ rí ní ìlú kejì.

Òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ

Fún bí 40 ọdún, ìwé orúkọ náà wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ díẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹkún àwọn òbí ló yí i padà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1989, ọkùnrin kan tó bojú jí ọmọ ọdún 11 kan, Jacob Wetterling, gbé lójú ọ̀nà ní St. Joseph, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, níbi tí òun, àbúrò rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ wọn ti ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé. Nǹkan bí ọdún 27 kọjá kí wọ́n tó rí egungun rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí ọlọ́pàá kò fi ní ìwé kankan tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Ní 1994, ilé aṣòfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà. Òfin yìí ní kí gbogbo ìpínlẹ̀ ṣí ìwé orúkọ fún àwọn tó jẹ̀bi, kí orúkọ wọn sì wà nínú rẹ̀ fún ọdún 10 ó kéré tán. Ìpínlẹ̀ tó bá kọ̀ yóò pàdánù ìdá kan nínú 10 lára owó ìrànwọ́ kan tí ìjọba àpapọ̀ ń fún iṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ní oṣù keje ọdún 1994 yẹn kan náà, aládùúgbò kan pa Megan Kanka, ọmọ ọdún 7, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ẹni náà ti jẹ̀bi irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì rí, òdìkejì òpópónà ilé àwọn òbí ọmọ náà ló sì ń gbé láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Láti inú ikú yìí ni Òfin Megan ti jáde, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 1996. Òun ló ní kí àwọn aláṣẹ máa sọ ohun tó wà nínú ìwé náà fún ará ìlú, gẹ́gẹ́ bí ìpínlẹ̀ Washington ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti 1990.

Kò sí òbí tí kò lè lóye òfin wọ̀nyí. Síbẹ̀, àwọn baba wa ní bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Ìyá Jacob Wetterling gan-an, ẹni tó jà fún ìwé orúkọ náà, sọ ní gbangba lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé àwọn aṣòfin ti nà án kọjá ibi tó yẹ kó dé, ní pàtàkì fún àwọn tó jẹ́ ọmọdé fúnra wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀.

Bí ìpínlẹ̀ kan ṣe ń ka ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kejì

Ìpínlẹ̀ 50 ló wà ní Amẹ́ríkà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin ọ̀daràn tirẹ̀. Ẹni tó bá fi ìpínlẹ̀ kan sílẹ̀ lè pàdánù sáàárín ìwé méjì: ti àkọ́kọ́ pa orúkọ rẹ̀ tì, ti ìkejì kò mọ̀ ọ́n. Ní 1996, ilé aṣòfin pàṣẹ pé kí FBI kó gbogbo ìwé ìpínlẹ̀ pọ̀ sójú kan. Ní 1997, wọ́n fi kún un pé ẹni tó ń gbé ìpínlẹ̀ kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kàwé ní òmíràn, gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ níbi méjèèjì. Ní oṣù keje ọdún 2006, òfin Adam Walsh jáde. Ọmọ ọdún 6 ni Adam Walsh nígbà tí wọ́n jí i gbé ní ìpínlẹ̀ Florida ní 1981 tí wọ́n sì pa á. Òfin yìí pín àwọn tó jẹ̀bi sí ìsọ̀rí 3: ọdún 15, ọdún 25, àti títí ẹ̀mí. Bí ẹni náà bá yí ilé, iṣẹ́ tàbí ilé ìwé padà, ó gbọ́dọ̀ fara hàn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 3. Bí ó bá ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn láìforúkọ sílẹ̀, ó lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10 lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀.

Àwọn ilé ẹjọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ààlà sí ohun tí òfin lè ṣe. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Alaska pé ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ìjìyà, ètò ààbò ìlú ni, nítorí náà a lè fi kan ẹni tó ti ṣẹ̀ kí òfin tó wà. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kan náà sọ pé a kò lè fi òfin 2006 mú ẹni tó ti rìnrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn kí òfin náà tó jáde.

Ẹjọ́ méjì mìíràn sún mọ́ kókó ọ̀rọ̀ wa jù. Ọkùnrin kan tí wọ́n dá lẹ́bi ní Virginia kó lọ sí Alaska. Alaska ní kó forúkọ sílẹ̀. Ó ní Alaska kọ́ ló dá òun lẹ́bi, kí ló wá kàn án? Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ Alaska dáhùn lọ́nà méjì. Ó ní ẹni tó bá wá gbé Alaska wà lábẹ́ òfin Alaska, ibi yòówù tó ti lè ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún un láàyè láti fi hàn pé òun kì í ṣe ewu fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹjọ́ kejì wáyé ní Montana. Wọ́n fi dandan mú ọkùnrin kan forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé Idaho ti dá a lẹ́bi ní àwọn ọdún 1990 lábẹ́ òfin àtijọ́ kan tó ka àṣepọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní 2021, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní òfin ìpilẹ̀ Amẹ́ríkà kò gba Montana láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí láti 2003 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti pa irú òfin bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ohun tí ẹjọ́ méjèèjì wí ni pé ìpínlẹ̀ tó bá gba ìdájọ́ aládùúgbò rẹ̀ wọlé ti gba ojúṣe tó wà lẹ́yìn ìdájọ́ náà pẹ̀lú. Kò lè sọ pé òun kàn ń ka ohun tí ẹlòmíràn kọ ni.

Nígbà tí ẹjọ́ bá ti òkè òkun wá

Bí ó bá le báyìí láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń sin òfin ìpilẹ̀ kan náà, mélòó mélòó ni láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Òfin 2006 sọ pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ òkè òkun kò ní ká Amẹ́ríkà lára bí ẹni náà kò bá rí ìgbẹ́jọ́ òdodo gbà. Ta ni yóò wá sọ bóyá ìgbẹ́jọ́ kan jẹ́ òdodo? Ìlànà tí ìjọba gbé jáde ní 2008 dáhùn báyìí: ìdájọ́ Kánádà, Ìlú Ọba, Ọsirélíà àti New Zealand ni kí wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ti Amẹ́ríkà. Ní ti orílẹ̀-èdè yòókù, kí wọ́n wo ìwé ìròyìn ọdọọdún tí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Amẹ́ríkà ń kọ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí ìròyìn ọdún tí wọ́n dá ẹni náà lẹ́bi bá sọ pé àwọn adájọ́ orílẹ̀-èdè yẹn dá dúró, tí wọ́n sì ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo, kí ìdájọ́ náà dúró.

Ọgbọ́n wà nínú ètò yìí, nítorí pé kò ṣeé ṣe láti tún gbogbo ẹjọ́ àgbáyé gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Orílẹ̀-èdè ni ìròyìn náà ń wọ̀n, kì í wọn ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jẹ̀bi ní tòótọ́ lè bọ́ nítorí pé ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò lórúkọ rere, ọmọ tó sì pa lára kò ní í rí i kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé. Ẹlòmíràn tí wọ́n rẹ́ jẹ lè wọ inú ìwé nítorí pé orílẹ̀-èdè rẹ̀ gbayì. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni Yorùbá wí. Bí ìdájọ́ bá rékọjá òkun, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni a máa ń gbọ́, ẹnu ìwé náà ni. Àwọn ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò àti ìyá ọmọ tó sunkún nínú ilé ẹjọ́ ti wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tó fi Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ti forúkọ sílẹ̀ ní Kansas bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Philippines ní 2012 láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n dá a padà, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án. Ní 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin bó ṣe wà nígbà náà kò ní kó sọ fún Kansas, nítorí pé kì í gbé ibẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdájọ́ yìí tó jáde, ààrẹ Obama ti fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kejì ọdún 2016, èyí tí wọ́n ń pè ní Òfin Megan ti Àgbáyé. Ó ti di dandan báyìí pé kí ẹni náà sọ ìrìn àjò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń jẹ́ Angel Watch Center yóò sì fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè tó ń lọ. Láti 2017, wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà àwọn tó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ sí ọmọdé pé ilé ẹjọ́ ti dá wọn lẹ́bi. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1933 ní ẹnubodè ìlú kan ti wọ àpò ènìyàn, ó sì ń bá a kiri ayé.

Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Ìlú Ọba

Faransé gba ọ̀nà mìíràn. Òfin 9 oṣù kẹta ọdún 2004 ló dá ìwé orúkọ tí wọ́n ń pè ní FIJAIS sílẹ̀, Nantes sì ni wọ́n ti ń bójú tó o, níbi tí casier judiciaire gbogbo orílẹ̀-èdè náà wà. Orúkọ lè wà nínú rẹ̀ fún ọdún 20 tàbí 30 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá ti wúwo tó. Ẹni náà gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ibùgbé rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àwọn tí ẹ̀ṣẹ̀ wọn wúwo sì ń ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá kó kúrò nílé, ọjọ́ 15 ló ní láti sọ. Bí kò bá ṣe é, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 àti owó ìtanràn 30,000 yúrò ń dúró dè é. Yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ará ìlú kò lè ka FIJAIS; àwọn adájọ́, ọlọ́pàá àti àwọn aláṣẹ kan tó ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ọmọdé wò nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ òkèèrè lè wọ inú rẹ̀, àmọ́ àfi bí orílẹ̀-èdè náà bá fi í tó Faransé létí lábẹ́ àdéhùn àwọn méjèèjì, tàbí bí ẹni náà bá wá ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán ní Faransé.

Kí ni ìwúlò irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ Michel Fourniret ló fi hàn. Ní 1987, ilé ẹjọ́ Faransé dá a lẹ́bi ìwà ipá sí àwọn ọmọbìnrin. Ó jáde lẹ́wọ̀n, nígbà tó sì yá, ó kó lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù. Ohun tó ṣe ní Faransé kò bá a sọdá. Ní 2003 ni ọmọbìnrin kan tó jí gbé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ọwọ́ ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù fi tẹ̀ ẹ́. Ní 2008, ilé ẹjọ́ Charleville-Mézières ní Faransé dá a lẹ́bi ikú ọmọbìnrin àti ọ̀dọ́bìnrin 7, ó sì rán an lẹ́wọ̀n títí ẹ̀mí. Láàárín orílẹ̀-èdè méjì tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà wọn, ìwé ilé ẹjọ́ ti dúró sẹ́yìn nígbà tí apànìyàn ń rìn síwájú. Lẹ́yìn èyí ni Bẹ́ljíọ̀mù mú àbá wá síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yúróòpù ní 2004, pé bí orílẹ̀-èdè kan bá ka iṣẹ́ ọmọdé léèwọ̀ fún ẹnì kan, kí èèwọ̀ náà bá a dé orílẹ̀-èdè yòókù. Láti 2012, ètò kan tó ń jẹ́ ECRIS ti so casier judiciaire àwọn orílẹ̀-èdè Ẹgbẹ́ Yúróòpù pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ní Ìlú Ọba, òfin 1997 ló dá ìwé orúkọ sílẹ̀. Òfin 2003 sì fún ọ̀gá ọlọ́pàá ní agbára láti lọ síwájú adájọ́ nítorí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi lókè òkun. Bí ohun tó ṣe bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ níbi tó ti ṣe é, tó sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bákan náà lábẹ́ òfin Ìlú Ọba, adájọ́ lè pàṣẹ kó forúkọ sílẹ̀. Ohun tó dára nínú ètò yìí ni pé ẹni náà lè dé iwájú adájọ́ kó sì jiyàn pé àwọn ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì kò bára mu.

Àwọn ilé ẹjọ́ Yúróòpù náà ní ohun tí wọ́n wí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní FIJAIS kò tako ẹ̀tọ́ sí ìgbé ayé ìkọ̀kọ̀, nítorí pé ó ní ìgbà tó máa parí, ẹni náà lè béèrè pé kí wọ́n yọ òun, kò sì sí ní gbangba. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Ìlú Ọba sọ pé kò tọ́ kí orúkọ ènìyàn wà nínú ìwé títí ẹ̀mí láìsí ọ̀nà kankan láti tún un yẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 11 ni ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ẹjọ́ náà wá nígbà tó ṣẹ̀. Láti 2012, ẹni tó bá ti lo ọdún 15 nínú ìwé náà lè béèrè fún àyẹ̀wò.

Ní ẹnu ààlà tiwa

Àdéhùn tí Faransé àti Ìlú Ọba ṣe ní 1889 ló pín ilẹ̀ wa. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdílé kan náà sì ń gbé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹni tó jí ní Ìlárá lè ná ọjà orílẹ̀-èdè kejì kí oòrùn tó mú. Láti 1979 ni CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, ti ní àdéhùn ìrìn fàlàlà fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun tó yá ìbátan àti oníṣòwò lára ni. Ó sì tún lè yá ẹni tó ń sá fún ojú ìlú rẹ̀ lára.

Ní Nàìjíríà, òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ní kí wọ́n ṣí ìwé orúkọ àwọn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ ìbálòpọ̀, kó sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Abuja nìkan ni òfin náà dé ní tààrà; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti ṣe tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àjọ NAPTIP ṣí ìwé náà. Ní Benin, òfin 20 oṣù kejìlá ọdún 2021 mú ìjìyà le sí i fún irú ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀nyí, ó sì gbé wọn lọ síwájú CRIET. Àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO ti ní àdéhùn ìrànlọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn láti 1992 àti ti ìfàlénilọ́wọ́ láti 1994. Interpol náà ní ìwé ìkìlọ̀ aláwọ̀ ewé, èyí tí orílẹ̀-èdè kan lè fi kìlọ̀ fún òmíràn nípa ẹni tó lè tún ṣẹ̀. Àmọ́ gbogbo ìwọ̀nyí ń dúró de kí aláṣẹ kan kọ́kọ́ mú kálàmù. Ọ̀gá ilé ìwé tó ń gba olùkọ́ ní Kétu lè béèrè casier judiciaire. Ìwé náà kì í sọ ohun tí ilé ẹjọ́ Abẹ́òkúta dá bí Abẹ́òkúta kò bá fi í ránṣẹ́.

Ìṣòro kan sì wà tó jẹ́ tiwa gan-an, tí àwọn aṣòfin Washington kò ní í rò ó. Orúkọ kan náà ni wá, a kò sì kọ ọ́ bákan náà. Adéṣínà tí wọ́n ń kọ ní Adesina ní Ìbàdàn ni wọ́n ń kọ ní Adéchina ní Àjàṣẹ́. Àjàyí jẹ́ Ajayi lọ́hùn-ún, ó jẹ́ Adjayi níhìn-ín. Ẹ̀rọ tó bá ń wá orúkọ lẹ́tà sí lẹ́tà yóò jẹ́ kí ẹni tó jẹ̀bi kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí a bá sì ní kó máa wá gbogbo ohun tó bá jọra, Adjayi aláìṣẹ̀ mélòó ni yóò jí lọ́jọ́ kan láti rí i pé àwọn ènìyàn ń fà ọmọ wọn sẹ́yìn fún òun?

Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin wa bá jókòó lọ́la láti so ìwé wọ̀nyí pọ̀, kò yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Ìtàn ti fi ohun tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn hàn. Ṣé ohun tí wọ́n dá ẹni yìí lẹ́bi rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà? Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi? Ṣé a ti sọ fún un pé ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, ṣé ó sì ní adájọ́ kan tó lè tọ̀ lọ bí a bá ṣi orúkọ rẹ̀ pè? Ṣé òun gan-an ni, àbí ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀? Àwọn ọmọ Fásitì Abomey-Calavi àti ti Lomé tó ń kọ́ òfin, tí wọ́n gbọ́ Faransé, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá, tí wọ́n sì lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí jù. Àwọn ni wọ́n lè ka ìwé ẹjọ́ Abẹ́òkúta àti ti Cotonou pọ̀, kí wọ́n sì mọ̀ bóyá Adesina inú èkíní ni Adéchina inú èkejì.